Obìnrin Tó Kọ́kọ́ Fi Yuja Sínú Hotteok

Ọmọbìnrin karùn-ún ni Bang Malsun jẹ́ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà kò sì fi ìbínú rẹ̀ pamọ́. Malsun tó sọ ọ́ kì í ṣe orúkọ ẹ̀yẹ: ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí èyí ṣe ìkẹyìn, obìnrin tó gẹ́ẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọkùnrin náà wo ilé tirẹ̀, ọmọbìnrin nìkan ló rí. Lọ́dún kejì wọ́n bí ọkùnrin, gbogbo ẹbí ní orúkọ yẹn ló ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí Malsun kú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ láti kékeré pé èèyàn lè ṣe odindi agbo ilé lóore kí wọ́n má sì rí i.

Ó fẹ́ apẹja kan ní Seonpo, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Kòríà. Ma Sangdol lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà òtútù ọdún 1984, okùn àwọ̀n wé mọ́ ẹsẹ̀ Sangdol lójú omi, ó sì fọ́ ọ lórúnkún. Gyutae ọmọ wọn ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà. Malsun kò jókòó sunkún. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ra páànù irin pẹlẹbẹ kan, ó fi ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè ṣe ìbòrí lẹ́nu ọ̀nà ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Tak tó ń ta ìrẹsì àti ìyẹ̀fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta hotteok, àkàrà aládùn tí wọ́n ń dín.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Láti ìrọ̀lẹ́ ni yóò ti po ìyẹ̀fun pẹ̀lú ọtí ìrẹsì, tí yóò fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lórí ilẹ̀ yàrá tí iná abẹ́ rẹ̀ mú gbóná kó lè wú. Láàárọ̀, yóò fi òróró pa ọwọ́, yóò já ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀, yóò tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò bu ṣúgà pupa àti ẹ̀pà gígún sí i láàárín, yóò pa ẹnu rẹ̀ dé, yóò sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú òróró. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò yí i, yóò fi irin roboto tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ṣúgà inú rẹ̀ á yọ́ bí oyin. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ, ètè rẹ̀ á bó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ, ètè tirẹ̀ náà á bó, nítorí kò sẹ́ni tó ní sùúrù nídìí hotteok.

Ní ọdún kẹta, ìrì dídì bọ́ sí oko yuja lẹ́yìn ìlú. Ẹ mọ yuja, ọsàn kókókókó tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán tí kíkan rẹ̀ sì ń mú ọmọdé sunkún. Gbogbo rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń dà á sí kòtò. Malsun kó àpò mẹ́ta wálé. Ó bọ èèpo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó da omi àkọ́kọ́ àti ìkejì nù kí ìkorò rẹ̀ lè lọ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì pò ó mọ́ ṣúgà.

Sangdol na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fọ́ sílẹ̀, ó ń wò ó. “Malsun, ṣé ṣúgà ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó o fi fẹ́ máa fi èèpo ọsàn bọ́ àwọn èèyàn?”

“Tọ́ ọ wò ná, kó o tó bú mi.”

“Kí n tọ́ ọ wò? Ẹsẹ̀ mi ló fọ́ o, kì í ṣe orí mi.”

Ọ̀gbẹ́ni Tak ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó ké, ó fò sókè, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ètè bí ẹni tí agbọ́n ta. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní méjì sí i. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn èèyàn á tò láti ẹnu páànù Malsun títí kọjá iwájú ṣọ́ọ̀bù Tak. Kò sẹ́ni tó ń fi yuja sínú hotteok ní Seonpo ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń jiyàn lé lórí. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1996 ni Yeonok dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, oyún rẹ̀ ti ga, ọkọ rẹ̀ sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ páànù Malsun fún wákàtí kan gbáko, ó ń ṣe bí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan. Malsun fún un ní hotteok. Ó ní òun ti jẹun. Malsun tún nà án sí i, ó ní rárá, ẹ ṣeun. Nígbà tí Malsun fi tipátipá tì í sí i lọ́wọ́, mẹ́ta ló jẹ láìmí, omi ṣúgà gbígbóná sì ń sàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Malsun fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọmọ tí a kọ́ nílé ni èyí.

Ọdún méjì ni Yeonok fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Malsun kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu òróró bóyá iná ti tó, ó sì fi omi èèpo yuja hàn án, iye ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ ọ́ àti èyí tí wọ́n ń dà nù. Sangdol kì í lọ́wọ́ sí i. “Èyí tó o fi ń jẹun lò ń fà fún ẹlòmíì yẹn,” ni ó máa ń wí. Malsun á ní kó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí Yeonok fẹ́ dá dúró, Malsun ló bá a bẹ Ọ̀gbẹ́ni Tak, tó ti di alága ọjà, kí wọ́n fún un ní àyè lódìkejì ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ni Yeonok ń pè é, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Mo gbà pé tọkàntọkàn ni nígbà náà. Bí èèyàn bá ní irọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn láti gbé mì.

Sangdol kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Opó kì í padà sídìí ọjà títí ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta yóò fi pé; bó bá padà, ojú ọjà á burú fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin ọjà Seonpo náà wà níbẹ̀: àyè tí iná rẹ̀ bá kú fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tó bá dáná síbẹ̀ ló ni ín. Malsun bẹ Yeonok kó bá òun máa dáná sí tòun. Yeonok sunkún, ó ní Ẹ̀gbọ́n kò yẹ kí ó tún máa bẹ òun. Bẹ́ẹ̀ ló kó páànù tirẹ̀ kọjá sábẹ́ ọ̀rá ìyeyè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni àwọn tẹlifíṣọ̀n wá láti Seoul. Wọ́n ń wá ẹni tó kọ́kọ́ ṣe hotteok yuja. Wọ́n bá obìnrin kan lábẹ́ ọ̀rá ìyeyè, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ọwọ́ rẹ̀ yá. Wọ́n bi í pé ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti ń ta hotteok níbí. Ó ní láti ọdún 1984. Irọ́ kọ́. Wọn kò bi í pé ta ni, òun náà kò sì sọ.

Nígbà tí Malsun jáde, Yeonok ti padà sódìkejì tirẹ̀, àmọ́ pátákó kan ti gorí rẹ̀, pupa fòò, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé HOTTEOK YUJA ÀKỌ́KỌ́ NÍ SEONPO, LÁTI 1984. Àwòrán Yeonok wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Malsun kọjá lọ bá a. “Yeonok, lọ́dún 1984, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti gbẹ! Ṣé ẹ ń jẹun ṣá?”

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ilé ìwé lo wà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tẹlifíṣọ̀n náà ló ní kí n gbé e kọ́. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ yín sí i, wọ́n ní kò sáyè.”

“Kò sáyè? Malsun gùn ju Yeonok lọ ni?”

Àwọn oníbàárà ti ń wò wọ́n. Yeonok rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀yin náà ẹ gbé tiyín kọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló máa dá yín dúró?”

Gyutae, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìlú míì, náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórí fóònù. Malsun kọ̀. “Kí n wá kọ ọ́ sójú pátákó pé èmi ni mo bí ọmọ mi?” Ó gbà pé ohun tí gbogbo ọjà bá mọ̀ kò nílò pátákó. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ọjà mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọjà ló ń ra hotteok mọ́, àlejò ni, àlejò kò sì mọ̀ ju ohun tó bá kà lọ. Ní ọjọ́ kan àwọn ọmọbìnrin méjì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ọ̀kan fa èkejì láṣọ. “Má ra ti ìyá yìí. Ti ọ̀hún ló ń jí ṣe.” Wọ́n sì kọjá lọ sódìkejì. Malsun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí hotteok tó wà lórí iná, ó ti jó.

Ọ̀gbẹ́ni Tak ńkọ́? Ètè tirẹ̀ gan-an ló jẹ́rìí sí i. Tak kò sọ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ló ń ta ìyẹ̀fun fún, ti Yeonok sì ti di ìlọ́po márùn-ún. Mo ti mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí: wọn kò ní pa irọ́ kankan títí wọn yóò fi kú, wọn yóò sì fi òtítọ́ sílẹ̀ níta kí òjò pa á.

Ọdún méje ni wọ́n fi wà báyìí, lọ́tùn-ún àti lósì ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìlú fẹ́ kọ́ òrùlé sórí ọjà. Àyè hotteok kan ṣoṣo ni yóò kù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni kí wọ́n fún. Ẹnikẹ́ni tó bá kù á lọ sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tí afẹ́fẹ́ òkun ń pa iná. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Malsun, eékún rẹ̀ kò gba ẹ̀yìn ọjà yẹn. Bí kò bá rí ẹnu ọ̀nà gbà, iṣẹ́ parí nìyẹn, ó sì mọ̀. Alága ọjà ni yóò kọ orúkọ ránṣẹ́.

Tak kò fẹ́ dá ẹjọ́. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó pe àwọn méjèèjì sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bu tíì ọkà fún wọn. Ìwé tí yóò kọ orúkọ sí wà níwájú rẹ̀.

“Ìyá Gyutae, Ìyá Sora,” ó ní, “ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín bí adájọ́. Ẹ bá ara yín sọ ọ́, ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí ni màá kọ.”

Yeonok ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sún kúrò lórí tìmùtìmù, ó kúnlẹ̀ síwájú Malsun, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, kí la fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ gba àyè náà. Èmi á lọ sẹ́yìn.”

Ara Malsun gbóná wọ̀ọ̀. Ọdún méje ló ti ń dúró de gbólóhùn yìí, òun ló sì jáde lẹ́nu Yeonok, lójú alága. Gbogbo ìbínú rẹ̀ yọ́. Nítorí pé ó yọ́, ó ṣe ohun tí ẹni tí a bí ire ń ṣe.

“Rárá o,” ó ní. “Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ti dàgbà. Sora ọmọ rẹ ṣì wà ní yunifásítì, ìwọ ló tọ́ sí. Ìwọ gbà á.”

Kò sí ọmọ Seonpo tí yóò gba nǹkan nígbà tí a kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Wọ́n á fi lọ̀ ọ́, wàá kọ̀. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wàá mí kanlẹ̀, wàá ní ó dáa, bí ẹ bá ti tẹnu mọ́ ọn báyìí. Tíì tó wà níwájú wọn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á. Malsun ti ní kíkọ̀ kejì lẹ́nu: yóò ní eékún ń dun òun. Ó ti ní ti ẹ̀ẹ̀kẹta náà, ó tilẹ̀ ti mọ̀ pé òun yóò ní kí Yeonok máa wá bá òun ṣe é, kí àwọn méjèèjì jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń dúró.

Yeonok tẹ orí ba, iwájú rẹ̀ kan ilẹ̀. “Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní gbàgbé láéláé.”

“Ó parí!” ni Tak wí, ó mí bí ẹni tó sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀. “Ọmọlúwàbí ni yín, Ìyá Gyutae. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe.” Ó sì ti ń kọ̀wé.

Malsun la ẹnu. Ó wo Yeonok, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà, ó rò pé bóyá obìnrin náà kò ronú, bóyá yóò rántí. Yeonok gbé orí sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ojú yẹn. Ó mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ó mọ̀ ọ́n bí Malsun ti mọ̀ ọ́n, ó sì dúró níbi tó wù ú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló gbé sẹ́nu.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Malsun wí. Ó mu tíì rẹ̀ tán, torí kò dáa kéèyàn fi tíì sílẹ̀, ó sì jáde.

Gyutae fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù mọ́lẹ̀. “Màmá! Ẹ ní kó gbà á? Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́?”

“Ó yẹ kó tún fi lọ̀ mí ni.”

“Ta ló ń fi nǹkan lọ èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta láyé ìsinsìnyí? Ẹ padà lọ bá bàbá yẹn, ẹ ní kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín lẹ sọ.”

“Kí n lọ sọ fún un pé irọ́ ni mò ń pa nígbà tí mò ń ṣe ọmọlúwàbí?”

Síbẹ̀ ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Tak láàárọ̀. Tak ń wọn ìrẹsì, kò gbé ojú sókè. “Ìyá Gyutae, etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ìwé sì ti lọ.” Ó wọn igbá kan, ó tún wọn òmíràn, kò sì sí oníbàárà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó gbìyànjú ẹ̀yìn ọjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ òkun a máa pa iná, òróró á tutù, hotteok á mu ún yó. Àwọn tó bá ń gbé ọkọ̀ wọn síbẹ̀ á bi í ibi tí hotteok àkọ́kọ́ wà, yóò sì na ọwọ́ fi ọ̀nà hàn wọ́n. Kó tó di ọdún tuntun, ó ti palẹ̀ mọ́. Ohun tó wá ń pa á lára kì í ṣe ebi, Gyutae ń fún un lówó. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ yóò jí, yóò jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn, yóò máa fi àtàǹpàkò tẹ etí búláńkẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí ẹni tó ń pa ẹnu ìyẹ̀fun dé. Ó korò lẹ́nu rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ní ọjọ́ ọdún tuntun, Yeonok wá kí i. Ó wọ kóòtù tó dáa, ó gbé páálí èso píà dání. Ó fi orí balẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún àgbà, ó jẹ ọbẹ̀ ìrẹsì ọdún, ó yìn ín. Ó sọ̀rọ̀ Sora, ó sọ̀rọ̀ òrùlé tuntun. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó di ọwọ́ Malsun mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá jókòó sílé báyìí. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kàn wá jókòó tì mí nídìí iná, ká jọ máa ṣe é bíi tàtijọ́.”

“Màá wá,” ni Malsun wí.

“Ẹ̀n?”

“Mo ní màá wá. Aago mélòó lo ń dáná?”

Kò fi ṣe ẹ̀tàn, kò sì fi gbẹ̀san. Ó fẹ́ lọ. Ì bá wọ bàtà lójú ẹsẹ̀ náà kó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín dúró sí ètè Yeonok, àmọ́ ó ti kúrò lójú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n... ibẹ̀ há o. Òrùlé yẹn, wọn ò jẹ́ kí èèyàn méjì dúró síbẹ̀... Àti pé eékún yín. Àwọn àlejò náà, wọ́n máa ń ya fọ́tò, wọ́n á máa bi yín ní ìbéèrè, ó máa rẹ̀ yín...”

Malsun kò ràn án lọ́wọ́. Kò ní kò burú, kò ní òun kàn ń ṣeré ni. Ó jókòó, ó ń wò ó lójú títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Yeonok bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀, ó ní òtútù mú gan-an lónìí, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n tọ́jú ara wọn. Kò tún fi lọ̀ ọ́ mọ́.